Kí Ni Kì í Jẹ́ Kí Àpòlúkù Jẹ Ara Rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìnira, Sẹ́ẹ̀lì àti Ọgbẹ́ Inú

Bí a bá wo Garki ní àárín Abuja ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí a rí ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti fi ilé sílẹ̀ ní Nyanya, ní Mararaba, ní Kubwa àti ní Lugbe kí ojúmọ́ tó mọ́, tí wọ́n ń ya wọ àwọn ọ́fíìsì láti Area 1 títí dé Area 11, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ní fi òkèlè kan ẹnu títí oòrùn yóò fi kàn wọ́n ní àtàrí, kò ní yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú, èyí tí tẹrú-tọmọ ń pè ní ọ́lsà, kì í wọ́n ní àdúgbò náà. Ẹnì kan ní ebi ni ó fa tòun. Ẹlòmíràn ní ata ni. Ẹnì kẹta ní ìrònú owó ilé ni. Dókítà ní kòkòrò ni. Ẹni tí ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kò sì jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, oògùn ẹlẹ́fun funfun ni ó ń gbé lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Kí a má ṣe rò pé àìmọ̀kan ni ó fa ìyapa yìí, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ àti eku tí ń bẹ ní ìkáwọ́ wọn, kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wá.

Àpòlúkù, a-gba-tútù-gba-gbígbóná, àpò tí kì í kọ àlejò, jẹ́ ohun ìyanu láàrin àwọn ẹ̀yà ara. Ásíìdì tí ó ń tú jáde láti fi da oúnjẹ le tó bẹ́ẹ̀ tí agbára rẹ̀ fi ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ó ń bó ẹran, ó ń yọ́ eegun ẹja, ó sì ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò tí a bá gbé mì. Ẹran ni àpòlúkù fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kì í jẹ ara rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jùlọ nípa ọgbẹ́ inú kì í ṣe ohun tí ó fà á fún ẹni tí ó ní i, bí kò ṣe ohun tí ó gba àwa yòókù lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, àti ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bo inú àpòlúkù ń ṣe nígbà tí ìnira bá dé bá wọn.

Ìnira tí a ń wí náà pín sí mẹ́ta. Ìnira ti ọkàn wà, irú èyí tí gbèsè, ọ̀gá aláìláàánú àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ń mú bá ènìyàn, tí àwọn ará ìsinsìnyí ń pè ní másùnmáwo. Ìnira ti ara wà, bí iná ńlá, iṣẹ́ abẹ tàbí ìfarapa orí. Ìnira sì wà tí ó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì gan-an, nígbà tí ásíìdì, ọtí líle, ooru tàbí àìrí ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ ọ́ lẹ́nu. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí ń bẹ láàrin àwọn agbo onímọ̀ ni kì bá tí sí, bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tí ẹnì kejì sì ń fi òmíràn dá a lóhùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ jẹ́ kí a rìn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Agbo Selye: ìnira ni baba ọgbẹ́

Kí Selye tó dé ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti kíyè sí i pé ìyà tí ó bá jẹ ara lápá kan lè dá ọgbẹ́ sí inú. Ní 1842 ni Thomas Curling ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa ọgbẹ́ ìfun tí ń yọ lára àwọn tí iná jó. Ní 1932 ni Harvey Cushing ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé irú èyí tí ń tẹ̀lé àrùn àti iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n Hans Selye, ọ̀mọ̀wé ọmọ bíbí Vienna tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú ìwé kúkúrú kan tí ó tẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 1936, ó ní ohun yòówù tí a bá fi ni eku lára, ìbáà ṣe òtútù, ìbáà ṣe ọ̀bẹ, ìbáà ṣe eré àsáàsátán, ìbáà ṣe oògùn àlòjù, ohun mẹ́ta kan náà ni yóò tẹ̀lé e: ẹṣẹ́ orí kíndìnrín yóò wú, ẹṣẹ́ tí ń bẹ ní àyà yóò sún kì, ọgbẹ́ yóò sì yọ nínú àpòlúkù.

Àwọn àjálù ayé ti ṣe ẹlẹ́rìí fún agbo yìí. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń rọ bọ́ǹbù lu Lọ́ńdọ̀nù ní 1940, iye àwọn tí ọgbẹ́ inú wọn lu jáde tí a gbé dé ilé ìwòsàn pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ibẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1944. Lẹ́yìn ilẹ̀ ríri Kobe ní ilẹ̀ Japan ní 1995, ọgbẹ́ inú pọ̀ sí i láàrin àwọn tí ó bá a pàdé. Lẹ́yìn ti 2011 ní ilẹ̀ kan náà, ìpín àwọn ọgbẹ́ tí a kò bá kòkòrò tàbí oògùn kan nídìí wọn tún gòkè. Àwọn olùwádìí tí wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà 3,379 ní ilẹ̀ Denmark fún ọdún pípẹ́, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015, rí i pé ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí másùnmáwo wọn pọ̀ jù ni ó ní ọgbẹ́ inú, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 1.6 láàrin àwọn tí tiwọn kéré jù, bóyá wọ́n ní kòkòrò nínú tàbí wọn kò ní.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ agbo yìí kò dúró gbọn-in níbi gbogbo. Ní 1958 ni Joseph Brady ní Amẹ́ríkà so àwọn ọ̀bọ pọ̀ ní méjì-méjì, tí ó fún ọ̀kan ní ẹrù àtimáa tẹ bọ́tìnnì kí iná mànàmáná má baà gbá àwọn méjèèjì, tí ọ̀bọ “ọ̀gá” yìí sì ni ó ní ọgbẹ́. Gbogbo ayé gbà á pé ẹrù iṣẹ́ ni ó ń lu inú ọ̀gá ilé iṣẹ́. Kò pẹ́ tí Jay Weiss fi lo eku, tí ó sì bá ìdàkejì rẹ̀ pàdé: eku tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dá ìyà náà dúró ni ọgbẹ́ rẹ̀ kéré. Àwọn ọ̀bọ Brady ni ìṣòro wà lára wọn, nítorí àwọn tí ara wọn yá láti tẹ bọ́tìnnì ni ó yàn ṣe ọ̀gá, kò mú wọn láìṣe ojúsàájú. Èyí tí ó tún ta kókó ni iṣẹ́ Ludmila Filaretova ní St. Petersburg, tí ó fi hàn pé họ́mónù orí kíndìnrín tí ìnira ń tú jáde, èyí tí àwọn ọmọlẹ́yìn Selye kà sí olóríburúkú nínú ọ̀ràn náà, jẹ́ olùgbèjà àpòlúkù ní ìwọ̀n tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè. Eku tí a dí họ́mónù náà mọ́ nínú ni ọgbẹ́ rẹ̀ ń burú sí i.

Agbo kòkòrò

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ní ìlú Perth ní Australia ni Robin Warren àti Barry Marshall ti rí kòkòrò tí a wá mọ̀ sí Helicobacter pylori, tí wọ́n rí i hù ní yàrá ìṣàyẹ̀wò ní 1982, tí Marshall sì mu ún fúnra rẹ̀ ní 1984 láti fi dá àwọn aláìgbàgbọ́ lójú. Inú rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ sì rùn, àmọ́ kì í ṣe ọgbẹ́ gan-an ni ó ní, bí àwọn òpìtàn aláṣejù ti máa ń sọ. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 2005. Agbára agbo yìí hàn gbangba lára aláìsàn: bí a bá fi oògùn apakòkòrò lé e jáde, ọgbẹ́ tí ì bá máa padà wá lọ́dọọdún kì í sábà padà mọ́.

Àìlera rẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdajì ọmọ aráyé ni kòkòrò náà ń gbé inú wọn, tí ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kò sì ní ní ọgbẹ́ títí wọn yóò fi wọ kàá ilẹ̀ lọ. Nàìjíríà wà ní ojú ìjà yìí gan-an. Christopher Holcombe, tí ó ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, kọ̀wé ní 1992 pé ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ àdììtú: kòkòrò pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n àrùn tí ó yẹ kí ó bí kò tó nǹkan. Ní 2005 ni Amit Agha àti David Graham dá a lóhùn pé kò sí àdììtú kankan níbẹ̀, pé nígbà tí a kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ni a rò pé ọgbẹ́ ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ọ̀rọ̀ kòkòrò tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni Frank Tovey àti Marjorie Tunstall ti kọ ọ́ ní 1975 pé ọgbẹ́ ìfun wọ́pọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ wa níbi tí a ti ń jẹ iṣu àti ẹ̀gẹ́, tí kò sì wọ́pọ̀ ní òkè ọya níbi tí a ti ń jẹ ọkà bàbà àti jéró. Kòkòrò nìkan kò lè ṣàlàyé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó yẹ kí a padà bi àpòlúkù fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ó fi ń gba ara rẹ̀.

Agbo ògiri

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́: èyí ni àkójá ìgbàgbọ́ àwọn agbo kẹta. Karl Schwarz ní Zagreb ti sọ ọ́ ní 1910 pé níbi tí kò bá sí ásíìdì, kò sí ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n Horace Davenport ní Amẹ́ríkà ni ó fi hàn ní àwọn ọdún 1960 pé ásíìdì kò lè dédé padà wọ inú ẹran àpòlúkù, àfi bí aspirin, ọtí tàbí oró mìíràn bá kọ́kọ́ fọ́ ògiri. Ògiri náà ní ipele: omi yíyọ̀ tí ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá ni ó wà lókè, èròjà bicarbonate tí ń pa ásíìdì lágbára wà nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ásíìdì bá ń jó ní òkè, ibi tí ó kan ara sẹ́ẹ̀lì kò kan mọ́ rárá, lábẹ́ èyí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so mọ́ ara wọn típẹ́típẹ́ wà, tí tuntun sì ń rọ́pò ògbólógbòó láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Àlàyé yìí mọ́lẹ̀, ó sì rọrùn láti gbà, oògùn sucralfate tí ń bo ojú ọgbẹ́ sì bá a mu. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé ó ka sẹ́ẹ̀lì sí bíríkì lásán. Bíríkì kì í mọ̀ pé òjò ń rọ̀, kì í sì í yí ara padà nítorí òjò. Sẹ́ẹ̀lì ń ṣe méjèèjì.

Agbo Robert: ìnira kékeré tí ń dènà ńlá

André Robert, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oògùn Upjohn ní Kalamazoo ní Amẹ́ríkà, ni ó da gbogbo ọ̀rọ̀ rú ní 1979. Ó rọ ọtí tí a kò bu omi là, ásíìdì líle, sódà líle, omi iyọ̀ tí ó ki, àní omi híhó pàápàá, sínú àpòlúkù àwọn eku. Gbogbo rẹ̀ ni ó pa ẹran inú wọn kú. Ṣùgbọ́n àwọn eku tí ó ti kọ́kọ́ fún ní prostaglandin, èròjà kan tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀, bọ́ nínú ìparun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tí ó lò kéré ju èyí tí ó lè dín ásíìdì kù lọ. Omi híhó kì í ṣe ásíìdì, a kò sì fi oògùn ásíìdì wò ó: àpòlúkù ní ààbò kan tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ásíìdì, èyí sì ni ìròyìn tí ó jí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí káàkiri ayé lójú oorun.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Robert tún gbé èyí tí ó yani lẹ́nu jù jáde. Bí a bá kọ́kọ́ fún eku ní ọtí tí a bu omi là dáadáa, tàbí ásíìdì tí kò le, tí a sì wá fún un ní èyí tí ó le lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, inú rẹ̀ kì í bàjẹ́ bí ti eku tí kò mu ìṣáájú. Ìnira kékeré ti kìlọ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ti tú prostaglandin jáde kí ọ̀tá ńlá tó dé. (Àwọn onípáraga kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe àwáwí o, ààbò náà kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ, ara eku ni a sì ti rí i.)

Iṣẹ́ yìí bá ti John Vane mu rẹ́gí, ẹni tí ó ti fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971 pé aspirin ń dá prostaglandin dúró, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1982. Ìdí nìyẹn tí oògùn ara ríro, láti orí ibuprofen tí a ń rà ní Garki dé orí ìyẹ̀fun Alábùkún tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í tà láti Abẹ́òkúta ní 1918, èyí tí aspirin wà nínú rẹ̀, fi jẹ́ ohun tí ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Lára ènìyàn pẹ̀lú, agbo yìí ní ẹ̀rí tí ó dúró: nígbà tí a fún àwọn tí àrùn oríkèé ń dà láàmú ní misoprostol, tí í ṣe prostaglandin àtọwọ́dá, mọ́ oògùn ìrora wọn, nínú ìdánwò ńlá kan tí ènìyàn 8,843 kópa nínú rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1995, ewu ọgbẹ́ tó léwu dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ń fún ilé ọmọ, ìyẹn ni àwọn agbẹ̀bí fi ń lò ó láti dá ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀ dúró ju bí àwọn oníṣègùn inú ti ń lò ó lọ.

Ẹ̀gún inú ẹran agbo yìí jáde ní 1995 kan náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ṣẹ̀dá èkúté tí kò ní irinṣẹ́ pàtàkì tí àpòlúkù fi ń ṣe prostaglandin. Ẹni tí ó bá gba Robert gbọ́ pátápátá yóò retí kí inú wọn kún fún ọgbẹ́. Ọgbẹ́ kankan kò dédé yọ. John Wallace àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn ní 2000 pé irinṣẹ́ méjì ni ó wà, àfi bí a bá sì dí méjèèjì ni inú yóò tó bàjẹ́. Sandor Szabo, tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ Selye fúnra rẹ̀, ti sọ ní 1981 pé àwọn èròjà onísúfúrì inú sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ nínú ààbò náà. Prostaglandin jẹ́ akéde. Àwọn tí ó ń kéde fún ni a kò tíì kà tán.

Agbo ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára, tí ata ń ṣe ẹlẹ́rìí fún

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, ààbò yòówù kò lè pẹ́ níbẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn agbo karùn-ún, ní tèmi, àwọn ni ìpìlẹ̀ wọn jinlẹ̀ jùlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí wọn kò kàn tó ti àwọn yòókù. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé bicarbonate lọ sí ojú ògiri, òun ni ó ń kó ásíìdì tí ó bá yọ́ wọlé dànù, òun ni ó sì ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì tí ń tún ara ṣe. Nígbà tí iná bá jó ènìyàn tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá tú lára rẹ̀, ara a máa fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú pọ̀ kí ọpọlọ àti ọkàn lè rí tiwọn, àpòlúkù ni ó sì ń san owó ìgbàlà náà. Ọgbẹ́ Curling rí àlàyé níbí ju ibòmíràn lọ.

Ìṣọ́ tí ń pàṣẹ fún àwọn òpó náà ni àwọn fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára tí ó tàn káàkiri inú àpòlúkù, tí wọ́n ń gbọ́ bí ásíìdì bá ti ń yọ́ wọlé, tí wọ́n sì ń tú èròjà tí ń la òpó ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn fọ́nrán yìí kan náà ni ata ń ta jí. János Szolcsányi àti Loránd Barthó ní ilẹ̀ Hungary fi hàn ní 1981 pé oró ata ní ìwọ̀n kékeré ń dáàbò bo inú eku, àmọ́ tí a bá fún un ní àpọ̀jù tí iṣan náà fi kú, ọgbẹ́ rẹ̀ yóò burú ju ti eku tí kò jẹ ata rí lọ. Ní Singapore, ní 1995, a fún àwọn ènìyàn 18 tí ara wọn le ní gíráàmù 20 ata gígún kí wọ́n tó gbé aspirin mì. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ wo inú wọn, ìpalára rẹ̀ kéré sí ti ọjọ́ tí wọ́n fi omi lásán gbé e mì.

Ẹ̀rí yìí dùn mọ́ ọmọ Yorùbá létí, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a fura sí bí a ti ń yára gbà á. Ènìyàn 18 kò pọ̀, ara líle ni wọ́n ní, ojú ọgbẹ́ tí ó ti là sì yàtọ̀ sí ojú àpòlúkù tí kò ní àbàwọ́n. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé ni pé kò sí ẹ̀rí tí ó fi ata sí ipò tí ìyá àgbà fi í sí, pé òun ni ó ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀.

Agbo purotéènì ìgbà ooru

A dé orí agbo tí ó mú ọ̀rọ̀ ìnira wọ inú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Ní Naples ní ilẹ̀ Ítálì, ní àwọn ọdún tí ó yí 1960 ká, Ferruccio Ritossa ń wo sẹ́ẹ̀lì ẹṣẹ́ itọ́ ìdin eṣinṣin kékeré tí ń bà lé èso, ó sì rí i pé nígbà tí ooru ibi tí wọ́n wà bá ga, àwọn ibì kan pàtó lára okùn àjogúnbá wọn a máa wú bí ẹni pé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962. Ní 1974 ni Alfred Tissières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé purotéènì tuntun ni àwọn ibi wíwú náà ń pa láṣẹ, láti ìgbà náà ni a sì ti rí irú wọn nínú gbogbo ohun abẹ̀mí tí a yẹ̀ wò, láti orí bakitéríà títí dé orí ènìyàn.

Iṣẹ́ wọn rọrùn láti lóye. Purotéènì kọ̀ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì ní bí a ṣe ká a kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ooru, ọtí tàbí ásíìdì bá dé, ìká náà yóò tú, àwọn tí ó tú yóò sì dì mọ́ ara wọn bí ẹyin tí a sè, sẹ́ẹ̀lì yóò sì kú. Àwọn purotéènì ìgbà ooru, tí HSP70 jẹ́ gbajúmọ̀ jùlọ nínú wọn, a máa di èyí tí ń tú mú, wọn a ká a padà, wọn a sì fa èyí tí kò ní àtúnṣe lé àwọn tí ń kó pàǹtí inú sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Olórí tí ń jí wọn dìde ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní HSF1.

Àwọn ará Japan ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé àpòlúkù. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì inú ẹmọ́ òyìnbó tí a kọ́kọ́ fi ooru díẹ̀ kàn máa ń yè nígbà tí a bá wá da ọtí lé e. Ní 1996 ni wọ́n kéde pé teprenone, oògùn inú tí wọ́n ti ń lò ní ilẹ̀ wọn láti 1984, ń jí àwọn purotéènì náà dìde, láìjẹ́ pé ooru kankan kàn wọ́n. Ní 2007 ni wọ́n tún fi hàn pé èkúté tí kò ní HSF1, ìpalára kékeré tí kò tó nǹkan lára èkúté mìíràn ń di ńlá nínú àpòlúkù rẹ̀.

Ẹwà agbo yìí ni pé ó fi ohun kan náà ṣàlàyé ìbẹ̀rù àti ààbò: ìnira fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ohun ìjà. Àmọ́ àkókò ń takò ó ní ibì kan. Ààbò tí Robert rí dé láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ wákàtí díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì nílò láti hun purotéènì tuntun jọ. Nítorí náà, àwọn tí ń fi ọ̀kan ṣe ìtumọ̀ èkejì ń ṣi ọ̀nà gbà. Teprenone tún ń mú kí omi yíyọ̀ inú pọ̀ sí i, kò sì rọrùn láti mọ èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni ó wo aláìsàn sàn. Èyí tí ó wúwo jù ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pàápàá ń fi HSP70 pamọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ikú, tí ẹni tí ó bá ń jí i dìde fún ọdún gbọọrọ kò fi lè sọ pé sẹ́ẹ̀lì rere nìkan ni òun ń ràn lọ́wọ́.

Àwọn tí ń ka àtúnṣe sí

Agbo kan wà tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Eric Lacy àti Susumu Ito fi hàn ní 1984 pé nígbà tí ọtí bá bó ojú àpòlúkù eku, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó kù nínú kòtò yóò na ara wọn, wọn yóò sì rìn jáde láti bo ìhòòhò náà láàrin wákàtí kan, kí sẹ́ẹ̀lì tuntun kan tó bí rárá. Ọgbẹ́, ní ojú wọn, jẹ́ àtúnṣe tí ó kùnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè ohun tí ó mú un kùnà dá wa padà sọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò àti prostaglandin.

Orógbó, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kò káwọ́ gbera. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Samuel Babafemi Olaleye tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣesí ara, àti Ebenezer Olatunde Farombi tí ó jẹ́ onímọ̀ èròjà ara, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006 pé kolaviron, èròjà inú orógbó, dín ìpalára indomethacin, tí òun náà jẹ́ oògùn ara ríro, àti ti ásíìdì tí a pò mọ́ ọtí kù nínú àpòlúkù eku, ó sì dà bí ẹni pé pípa oró atẹ́gùn tí ń jó sẹ́ẹ̀lì ni ó fi ṣe é. Àwọn ti Nsukka rí irú rẹ̀ nínú ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n ní 2009. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù ti dé Birmingham ṣáájú wọn, níbi tí Best, Lewis àti Nasser ti fi hàn ní 1984 pé ìyẹ̀fun rẹ̀ ń gba eku lọ́wọ́ ọgbẹ́ aspirin, tí ó sì ń mú kí awọ inú àpòlúkù nípọn sí i.

Orógbó, a-gbó-sáyé, kò nílò kí ènìyàn parọ́ fún un. Èròjà tí a fà yọ ní yàrá ìṣàyẹ̀wò kọ́ ni ẹni tí ń jẹ orógbó ń jẹ. Ọgbẹ́ tí a fi oògùn dá sílẹ̀ láàrin wákàtí mélòó kan lára eku kì í ṣe ọgbẹ́ ọlọ́dún pípẹ́ lára ènìyàn. Kò sì sí èyí nínú wọn tí a fi wé omeprazole, oògùn tí ń dín ásíìdì kù, lára ọ̀pọ̀ aláìsàn tí a fi ìbò pín. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ bá ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, tí ó wà ní Idu nínú Abuja kan náà mu, nítorí oògùn ìbílẹ̀ wà lára ohun tí a dá a sílẹ̀ fún.

Ohun tí kò tíì yanjú

Èkíní ni bí másùnmáwo ọkàn ṣe ń di ìnira sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rí Denmark àti ti Japan fi hàn pé okùn kan so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí másùnmáwo ń dà láàmú a máa mu sìgá sí i, wọn a máa pa oúnjẹ jẹ, wọn a sì máa gbé oògùn ara ríro mì. Èwo nínú okùn náà ni ti ọkàn, èwo sì ni ti ìwà, kò tíì hàn.

Èkejì ni ti àwọn tí àìsàn gbé dè sórí ibùsùn ìtọ́jú àkànṣe. Ìdánwò kan tí a ṣe ní Yúróòpù pẹ̀lú aláìsàn 3,298, tí a tẹ̀ jáde ní 2018, àti òmíràn pẹ̀lú 4,821 ní 2024, fi hàn pé oògùn tí ń dín ásíìdì kù ń dín ẹ̀jẹ̀ inú kù, ní ti 2024 láti ìdá 3.5 sí ìdá 1.0 nínú ọgọ́rùn-ún, láìjẹ́ pé ó dín iye àwọn tí ó kú kù ní ọ̀nà tí ó dájú nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ásíìdì bá jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ìdajì kejì, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ààbò sẹ́ẹ̀lì, kò tíì ní oògùn tirẹ̀ lórí ibùsùn náà.

Ẹ̀kẹta ni bóyá a lè jí purotéènì ìgbà ooru dìde nínú àpòlúkù nìkan, fún ọjọ́ díẹ̀ péré, bíi ṣáájú iṣẹ́ abẹ, láì ṣí ilẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ.

Ẹ̀kẹrin kàn wá jù. Ìyàtọ̀ tí Tovey àti Tunstall rí láàrin gúúsù àti òkè ọya ni wọ́n rí nígbà tí oníkálukú ṣì ń jẹ oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ní Garki lónìí, ọmọ Èkìtì, ọmọ Kano àti Gbagyi onílẹ̀ ń jẹ ìrẹsì kan náà lọ́wọ́ olóúnjẹ kan náà, wọ́n ń ra oògùn ara ríro kan náà ní kẹ́míìsì kan náà, kòkòrò kan náà sì ṣeé ṣe kí ó máa gbé inú wọn láti kékeré. Bí ìyàtọ̀ náà bá ṣì wà láàrin wọn, a ó mọ̀ pé oúnjẹ ìgbà èwe tàbí àjogúnbá ni ó fà á. Bí kò bá sí mọ́, ohun tí wọ́n ń jẹ nísinsìnyí ni yóò jẹ́bi.